Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Ilé Mi ní Ìbà

Ibikíbi tí mo bá wọ̀, ilẹ̀kùn ni mo kọ́kọ́ máa ń wá. Ìbáà jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ìbáà jẹ́ ilé ìwòsàn, ìbáà jẹ́ ilé àna àbúrò mi, mo ti máa mọ ibi tí mo lè gbà sá jáde kí n tó mọ ẹni tó ń kí mi káàbọ̀. Bí ibẹ̀ bá ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, n kì í pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ará ilé mi ti mọ̀ mí mọ́ ọn. Wọ́n á ní, "Ẹ fún un ní àga ẹnu ọ̀nà," wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ó lé ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, yàrá kan ni mo ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alábà Rágo, níbi tí wọ́n ti ń ta àgbò. Ilé gígùn kan ni, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀nà kan ṣoṣo ló gba àárín wọn já sí ìta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ibà dá mi dùbúlẹ̀. Ẹnì kan lọ ń da bẹntiróòlù sínú jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Nígbà tí mo lajú, ọ̀nà ti di iná. Fèrèsé ló kù, fèrèsé náà sì ní irin. Èmi fúnra mi ni mo dúró ti wẹ́dà lọ́jọ́ tó ń jó irin náà mọ́ ọn, tí mò ń sọ fún un pé kó jó o dáadáa, kí olè má baà rí i ṣí.

Ọkùnrin Hausa kan tó ń ta àgbò ló yọ mí jáde. Irin tí wọ́n máa ń gún mọ́lẹ̀ láti so àgbò ni òun àti ẹnì kejì rẹ̀ kì bọ àárín irin fèrèsé. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́, títí ọ̀kan fi já, tí òmíràn sì wọ́, wọ́n wá fà mí gba ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà, apá òsì mi, láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, kò rí bí awọ ènìyàn mọ́. Ẹ̀wù alápá gígùn ni mò ń wọ̀ lójò lẹ́ẹ̀rùn. Obìnrin tó ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé tèmi kò jáde. Bó bá se oúnjẹ, ó máa ń fi ìka kan ògiri tó wà láàárín wa láti pè mí. Lọ́jọ́ náà, ó kan ògiri.

N kì í sọ èyí fún ènìyàn. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sọ ọ́ fún, ohun tí ẹni yẹn sì fi ṣe ni mo fẹ́ kọ síbí.

Nígbà tí ara mi yá, mo wá ilé káàkiri Ọ̀jọ́. Ejẹ́ńtì tó ń mú mi kiri máa ń fi ilẹ̀ dídán àti àjà funfun hàn mí, èmi á sì ti kọjá sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ní òun ò rí irú oníbàárà yìí rí. Ní Ìbà ni mo ti rí ohun tí mo ń wá: ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, pálọ̀ kan, yàrá kan, kíṣìnì tóóró. Kò dán, kò tóbi. Ṣùgbọ́n pálọ̀ náà ní ilẹ̀kùn méjì. Ọ̀kan wà níwájú. Ìkejì wà lẹ́yìn, ó já sí ibi kànga àti okùn tí a ń sá aṣọ sí. Mo ṣí i, mo tì í, mo tún ṣí i. Mo ní mo ti gbà á.

Ìyá àgbà kan ló ni ilé náà, ọmọ onílẹ̀ ní Ìbà gan-an. Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Ó ní òun ò fẹ́ ayálégbé lórí ayálégbé, ẹni tí òun bá fún ní kọ́kọ́rọ́ ni kó máa gbébẹ̀. Mo ní mo gbọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé níbẹ̀, tí mò ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé nínú pálọ̀ náà, tí maṣíìnì mi wà láàárín ilẹ̀kùn méjèèjì, tí afẹ́fẹ́ ń gba ibí wọlé, tó ń gba ọ̀hún jáde.

Ọdún keje ni mo gba obìnrin yẹn sílé. Ó ń ta bọ́kẹ́ẹ̀tì àti abọ́ rọ́bà ní Okokomaiko, ó máa ń gbé aṣọ wá rán lọ́dọ̀ mi. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ. Ó ní wọ́n ti lé òun nílé, kí n jẹ́ kí òun fi orí pamọ́ fún oṣù mẹ́ta. Mo sọ fún onílé pé ẹ̀gbọ́n mi ni. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, èmi ni mo sì pa á, mi ò ní dì í ru ẹlòmíràn. Oṣù mẹ́ta di ọdún kan. Ó máa ń fi ọṣẹ mi fọ aṣọ, á ní ọṣẹ Ọlọ́run ni gbogbo wa ń lò. Bí mo bá pa rédíò, á tàn án. Bí mo bá tan fáànù, á ní òtútù ń mú òun. Mi ò mọ èyí tó dàgbà jù nínú àwa méjèèjì, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti wọlé ló ti ń pè mí ní àbúrò, nítorí pé sùtánà wà lọ́rùn rẹ̀, èmi náà sì ń pè é ní ẹ̀gbọ́n.

Lọ́jọ́ kan, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará òdìkejì bú gbàmù, èéfín sì yọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi máa mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wà lẹ́bàá kànga, ìró ni mo ró mọ́ àyà, ẹsẹ̀ mi lásán. Alábàágbé mi tẹ̀ lé mi jáde. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fi aṣọ bò mí, ó jókòó tì mí lórí ilẹ̀, ó bi mí ohun tó ṣe mí. Nítorí pé kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: irin fèrèsé, ọkùnrin alágbò, obìnrin tó kan ògiri. Ó sunkún. Mo ṣì gbà pé ẹkún tòótọ́ ni.

Ó ní àfi ká gbàdúrà kí ẹ̀rù náà lè kúrò lára mi, pé ká tan àbẹ́là méje sílé. Mo ní mi ò fẹ́ iná nínú ilé. Ó ní iná ló dẹ́rù bà mí, iná náà ló máa lé ẹ̀rù lọ. Mo rò ó títí. Ìṣòro ẹni tí ẹ̀rù ń bà nìyí: ó máa ń ṣe ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe, kí ẹ̀rù ṣáà lọ. Èmi ni mo lọ bu yanrìn lẹ́yìn ilé. Èmi ni mo bù ú sínú abọ́ tánganran tí mo fi ń gbé oúnjẹ, tí mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, pé bí àbẹ́là bá ṣubú, orí yanrìn ni kó ṣubú sí. Ìṣọ́ra ni mo pè é. Mi ò mọ̀ pé ní ìjọ tiwọn, ẹni tó bá bu yanrìn ìdí àbẹ́là sí ilẹ̀ kan ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún àdúrà.

Kò pẹ́ sí i ni ìyá mi ṣubú ní Ìjanikin, tí egungun ìbàdí rẹ̀ yẹ̀. Èmi nìkan ni kò ní ọkọ nílé nínú àwa ọmọ rẹ̀, orí mi ló sì bọ́ sí. Rẹ́ńtì ilé Ìbà ṣì kù, mo sì rò pé bí màmá bá dìde, màá padà síbẹ̀. Mo kó maṣíìnì mi, mo fi ilé sílẹ̀ fún alábàágbé mi pé kó máa san apá tirẹ̀, kó máa tọ́jú ibẹ̀. Mo fi kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn hàn án, mo ní kó máa fi òróró sí bóòtù rẹ̀ lóṣooṣù. Ó ní, "Fọkàn balẹ̀, àbúrò mi."

Ní oṣù karùn-ún tí mo ti kúrò níbẹ̀, ìyàwó kan tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ méjì pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wá wo ilé yín o." Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ohun tí ojú òun rí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ dé Okokomaiko, mo gba kẹ̀kẹ́ wọ Ìbà. Bàtà ni mo kọ́kọ́ rí. Bàtà kún iwájú ilẹ̀kùn mi bí ẹni pé wọ́n ń tà á. Obìnrin kan tí mi ò rí rí nawọ́ dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tí mò ń san owó rẹ̀, ó ní kí n bọ́ bàtà. Mo bọ́ ọ. Ó tún dá mi dúró. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, ṣé ẹ mọ́?" Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé nǹkan oṣù ló ń bèèrè. Inú bí mi, ohun tó sì ń dùn mí títí di òní ni pé mo dá a lóhùn. Mo sọ fún obìnrin tí mi ò mọ̀ rí, lẹ́nu ọ̀nà ilé mi, pé ó ti tó ọdún méjì tí mo ti rí i gbẹ̀yìn. Ó ní ẹ ṣeun, mo lè máa wọlé.

Wọ́n ti kó àga mi jáde. Bẹ́ǹṣì ló kún inú pálọ̀, aṣọ funfun àti aṣọ àwọ̀ sánmà ni wọ́n fi bo ògiri yí po. Mo wo iwájú. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò sí mọ́. Pẹpẹ ni wọ́n gbé síbẹ̀, onípákó gíga, ó dé ọrùn ilẹ̀kùn náà, kọ́tìnì bo ìyókù. Lórí pẹpẹ ni abọ́ tánganran mi wà, yanrìn mi nínú rẹ̀, àbẹ́là méje ń jó. Iná àbẹ́là kò jìnnà sí kọ́tìnì ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ.

Bí alábàágbé mi ṣe ti inú yàrá jáde nìyẹn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ wò ó, ẹni tí mò ń sọ fún yín ló dé yìí." Gbogbo wọn yíjú sí mi. Obìnrin kan dìde, ó fa apá ẹ̀wù mi sókè láìtọrọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú àpá mi, ó sì fi ọwọ́ náà pa orí ọmọ rẹ̀. Ó ní kí iná ayé má jó ọmọ òun. Àpá ara mi ti di òróró fún wọn.

Mo fa alábàágbé mi wọ kíṣìnì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé tábìlì yẹn kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn."

"Tábìlì kẹ̀? Pẹpẹ ni wọ́n ń pè é, àbúrò mi."

"Ẹ gbé pẹpẹ kúrò. Kò sí ohun mìíràn tí mo bá wá. Ẹ lè máa gbàdúrà, ẹ lè máa kọrin, ẹ ṣáà ṣí ilẹ̀kùn."

"Ìlà-oòrùn ni pẹpẹ ń kọjú sí. Ibẹ̀ sì ni ìlà-oòrùn wà nínú ilé yìí."

"Ẹ gbé e sí ọwọ́ fèrèsé."

"Ṣé o ti rí oòrùn tó yọ lọ́wọ́ fèrèsé rí?" Ó rẹ́rìn-ín. "Àti pé ta ló bu yanrìn sí i? Ṣé èmi ni? Ohun tí o fi ọwọ́ ara rẹ gbìn, kí èmi wá fà á tu?"

Mo bá bàtà mi lábẹ́ bàtà àwọn ẹlòmíràn, mo wọ̀ ọ́, mo jáde. Ìyàwó òkè ń dúró dè mí lórí àtẹ̀gùn, àbíkẹ́yìn rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó sọ èyí tó kù fún mi. Ó ní alábàágbé mi ti sọ fún wọn pé inú pálọ̀ yẹn gan-an ni iná ti jó yí mi ká, pé áńgẹ́lì aláṣọ funfun ló là á kọjá wá mú mi, pé ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ ibẹ̀ fi jẹ́ mímọ́. Wọ́n ń wá láti Àgbárá. Ó tún ní kọ́tìnì ti gbiná lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n da omi àdúrà sí i, ó kú, wọ́n sì pariwo Halelúyà fún wákàtí kan pé iṣẹ́ ìyanu ni. Ó ní láti ọjọ́ náà, òun àti àwọn ọmọ òun ń sùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, nítorí pé ẹnu ilẹ̀kùn pálọ̀ mi ni àtẹ̀gùn wọn já sí.

Ọ̀rọ̀ bàtà yẹn ni mo gbé dé Ìjanikin. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ń fi bàtà sùn nítorí abọ́ yanrìn tí mo bù.

Ẹ má rò pé mi ò gbìyànjú. Mo pè é lórí fóònù títí ó fi dẹ́kun gbígbé e. Mo mú káfíńtà kan lọ, pé kó bá mi tú pákó náà lójú ọ̀sán. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó rí àbẹ́là méje, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ padà kọ́ èjìká. Ó ní, "Màmá, mo ní ọmọ nílé o. Ẹ pe ẹni tí kò bímọ." Mo rò ó pé kí n lọ bá onílé. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ẹ̀gbọ́n mi tí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ilé rẹ̀ di ilé àdúrà? Irọ́ mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà bíi tiwọn, ó ń bi mí bóyá mo mọ́.

Nígbà tó yá, mo rántí ohun kan. Nínú ìjọ bẹ́ẹ̀, bí ènìyàn bá dìde láti jẹ́rìí, tó dá orin, tí ìjọ gbè é, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu títí yóò fi ní, "Ẹ bá mi yin Olúwa." Ẹlẹ́rìí ló ni ilé, ìbáà jẹ́ aṣiwèrè. Alábàágbé mi ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí a jọ ń gbé, ó ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nípa bàbá kan tó jẹ́rìí ewúrẹ́ rẹ̀ tó sọnù títí oúnjẹ gbogbo wọn fi jóná nílé.

Mo lọ ní ọjọ́ Àìkú. Mo bọ́ bàtà bí wọ́n ṣe ní kí n bọ́ ọ, ṣùgbọ́n mi ò fi í síta. Mo dì í sínú ọ̀rá, mo fi í há abíyá. Orí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí. Wọ́n tó ogójì nínú pálọ̀ tí mo ti ń rán aṣọ tẹ́lẹ̀, ọmọdé wà nínú wọn, ooru àbẹ́là sì ń kan ojú mi láti iwájú. Ara mi ń sọ fún mi pé kí n sá. Mo di ìdí bẹ́ǹṣì mú.

Alábàágbé mi rí mi, inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé mo ti gbà fún òun. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn mi, ó sì mọ̀ ọ́n sọ. Èmi fúnra mi fẹ́rẹ̀ẹ́ rí áńgẹ́lì náà. Ó wá débi tí mi ò mọ̀ pé ó máa dé. Ó ní obìnrin kan wà nínú yàrá kejì lọ́jọ́ náà, obìnrin ayé, tí kì í gbàdúrà, pé òun ni iná mú. Ó ní, "Ìkan ké pe Olúwa, ìkan kò pè é. Ẹ̀yin náà, ẹ yan èyí tí ẹ máa jẹ́." Wọ́n ní àmín.

Mo dìde. Mo dá orin kan tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀. Wọ́n gbè é, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tí orin kú, mo sọ̀rọ̀.

"Èmi lẹni tí wọ́n ń sọ. Iná yẹn kò jó níbí. Alábà Rágo ló ti jó. Kì í ṣe áńgẹ́lì ló yọ mí. Mùsùlùmí kan tó ń ta àgbò ni. Jalamíà tó wọ̀ ti funfun rí, lọ́jọ́ náà kò funfun, ó sì ń rùn bí àgbò. Irin tí wọ́n fi ń so ẹran ló fi já fèrèsé mi. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀."

Alábàágbé mi mú agogo ọwọ́, ó lù ú. Bí agogo bá dún nínú ìjọ wọn, gbogbo ènìyàn ní láti kúnlẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀. Èmi àti òun nìkan ló kù lórí ìdúró, òun níwájú, èmi lẹ́yìn, orí àwọn tó kúnlẹ̀ láàárín wa. Ó ń lu agogo lọ kí ohùn mi má baà jáde. Bàbá àgbà kan tó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì mi kò gbé orí sókè, ó kàn sọ fún alábàágbé mi pé, "Màmá, ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀rí rẹ̀." Ẹlòmíràn ní bẹ́ẹ̀ ni. Agogo dákẹ́.

"Obìnrin tí wọ́n ní kò gbàdúrà," mo ní, "ògiri kan ló wà láàárín èmi àti ẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Jésù ló ń pè. Ó ń pè é, ó ń fi ọwọ́ kan ògiri. Èmi tí ẹ ń fọwọ́ pa lára yìí ò gbàdúrà kankan. Igbe ni mò ń ké. Ó gbàdúrà jù mí lọ, ó sì kú, nítorí pé kò sí ẹni tó dé fèrèsé tiẹ̀, yàrá rẹ̀ ò sì ní ilẹ̀kùn mìíràn. Ilẹ̀kùn mìíràn wà nínú ilé yìí. Ẹ wo ẹ̀yìn pẹpẹ yín. Èmi ni mo bu yanrìn yẹn, mo sì ti wá kó o. Ẹ bá mi yin Olúwa."

Halelúyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni mo gbọ́, ìyókù dákẹ́. Mo rí i tí obìnrin kan ń fi ojú ka orí àwọn ọmọ rẹ̀, tó sì wo ilẹ̀kùn iwájú, tó wo bí ibẹ̀ ṣe fún. Bàbá àgbà náà di eékún rẹ̀ mú, ó dìde. Ó lọ síwájú, ó fi ìka pa àbẹ́là ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjèèje. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta dìde tẹ̀ lé e, wọ́n gbá pẹpẹ mú. Alábàágbé mi ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, pé ọjọ́ méje ni wọ́n á fi gbààwẹ̀ kí wọ́n tó gbé e. Bàbá ní àwọn á gbààwẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn bá gbé e tán.

Bóòtù ilẹ̀kùn ti dípẹtà. Kò fi òróró sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n fi gìgísẹ̀ lù ú kó tó yọ, ilẹ̀kùn ké, ó ṣí. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, afẹ́fẹ́ wọlé. Mo gba àárín wọn kọjá, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo dúró lẹ́bàá kànga, ọ̀rá bàtà mi wà lábẹ́ apá mi. Aṣọ àwọn ọmọ ìyàwó òkè ń bẹ lórí okùn. Kò sẹ́ni tó tọ̀ mí wá, mo sì dúpẹ́ pé wọn ò wá.

Mo ti mọ̀ pé bí mo bá kúrò níbẹ̀, wọ́n lè gbé pẹpẹ padà. Nítorí náà, láti ẹ̀yìnkùlé yẹn ni mo ti gba ilé onílé lọ. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ìyá àgbà náà ń bó ẹ̀gúsí, kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo parí, ó ní, "O gbé inú ilé mi pa irọ́ fún mi. Èyí tó ń tan àbẹ́là, àlejò ni; mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ìwọ ni mo mọ̀." Ó ní kí àwa méjèèjì kó jáde kí oṣù tó parí. Mo bẹ̀ ẹ́ díẹ̀, nítorí pé ó yẹ kí n bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó jàre. Ilé tí mo fi ẹsẹ̀ wá nítorí ilẹ̀kùn rẹ̀, nítorí ilẹ̀kùn náà ni mo ṣe pàdánù rẹ̀.

Alábàágbé mi kó lọ kí oṣù tó pé. Kò tọrọ àforíjì. Ó gbé abọ́ tánganran mi pẹ̀lú yanrìn rẹ̀ lọ, ó ní Ẹ̀mí ló ní kí àwọn ṣí lọ síbòmíràn. Ìyàwó òkè ní àwọn ọmọ òun ti ń bọ́ bàtà sùn. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn nìkan ni mo lè rántí kí inú má bí mi.

Nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo jókòó sínú ọkọ̀ ní Okokomaiko, mò ń padà sí Ìjanikin, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mo jókòó sí. Ọ̀dọ́bìnrin aláṣọ funfun kan jókòó tì mí. Ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní kí n wá sí ilé àdúrà àwọn lọ́nà Ìjanikin, pé agbára wà níbẹ̀. Ó ní obìnrin kan wà tí iná ò jó, pé obìnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí níwájú ìjọ nílé tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ó ní áńgẹ́lì tó yọ ọ́ wá pẹ̀lú òórùn àgbò, bí àgbò tí Ọlọ́run pèsè fún Ábúráhámù.

Mo fa apá ẹ̀wù mi wálẹ̀ dé ọwọ́. Òórùn àgbò ọkùnrin yẹn náà, alábàágbé mi ti kó o. Ohun kan ṣoṣo ni mo bi í.

"Ilé àdúrà yín ọ̀hún, ilẹ̀kùn mélòó ló ní?"

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi kò pé. Ó ní, "Méjì, mà. Ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Màmá ní a ò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun dí tẹ̀yìn yẹn, pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló fi han àwọn."

Mo ní ó dára. Nígbà tí a dé ibi tí mo ti máa sọ̀kalẹ̀, ó ní Ọlọ́run á máa ṣọ́ mi. Mi ò ṣe àmín. Mo rìn délé, mo gbé omi kaná fún ìyá mi, mo dúró tì í títí ó fi gbóná, mo pa iná. Inú ṣì ń bí mi.